Aṣọ, Okùn àti Atẹ́gùn: Àgbéyẹ̀wò Kámẹ́rà Abẹ́ Páráṣúùtù ní Òfurufú Kumasi

Láti oṣù kẹfà wọ oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu a máa bo gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ́lẹ̀ láti òru títí di ọ̀sán. Kumasi wà lábẹ́ rẹ̀, Sábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin wà lábẹ́ rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà sátẹ́láìtì tó bá ń kọjá lókè lásìkò yẹn, funfun ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ àsìkò náà gan-an ni odò ń kún, tí omi ń ya wọ ilé, tí àrùn ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi, tí ó sì yẹ kí ẹnì kan rí ilẹ̀ láti òkè. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ìlú nígbà náà, àfi kó gbé kámẹ́rà wá sí abẹ́ ìkùukùu.

Ọ̀nà tó lè gbà ṣe é kò pọ̀. Ọkọ̀ òfurufú lè ṣe é, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Dróònù ti gba ọjà báyìí, iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì kéré. Bàlúùnù tí a fi okùn so mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Páráṣúùtù náà wà níbẹ̀: kí bàlúùnù, rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tàbí dróònù gbé kámẹ́rà dókè, kí ó jù ú sílẹ̀, kí kámẹ́rà máa ya àwòrán bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé kámẹ́rà wo ló dára jù fún iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kámẹ́rà inú fóònù tí àwọn ọ̀dọ́ ń tà ní ọjà Kejetia ní Kumasi lónìí ti tó. Ohun tó ń sọ àwòrán abẹ́ páráṣúùtù di àmúlò tàbí àdànù ni bí aṣọ náà ṣe ń fì, bí okùn rẹ̀ ṣe gùn tó, àti irú atẹ́gùn tó bá pàdé lọ́nà. Ẹni tó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, tó sì ra kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, yóò rí ilẹ̀ ju ẹni tó náwó gegere tí kò mọ̀ wọ́n lọ.

Fífì yìí ti ń dààmú ọmọ aráyé tipẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1797, André-Jacques Garnerin fi páráṣúùtù bọ́ sílẹ̀ láti ara bàlúùnù ní Paris. Aṣọ rẹ̀ kò ní ihò kankan lórí. Afẹ́fẹ́ tó kó sí abẹ́ rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde àfi etí aṣọ. Ó ń tú jáde lọ́tùn-ún, ó ń tú jáde lósì, apẹ̀rẹ̀ tí Garnerin wà nínú rẹ̀ sì ń fì kíkankíkan títí ó fi kanlẹ̀. Wọ́n ní Lalande, onímọ̀ ìràwọ̀, ló dábàá pé kí wọ́n dá ihò sí àárín orí aṣọ náà. Títí dòní, ihò yẹn wà lára ohun tí ẹni tó ń rán páráṣúùtù róbótó kọ́kọ́ máa ń rò.

Ẹni tó kọ́kọ́ mú páráṣúùtù àti kámẹ́rà ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa ni Alfred Maul, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì. Ní 1903 ó gba ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ya fọ́tò. Kámẹ́rà rẹ̀ a ya àwòrán nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá dé òkè pátápátá, páráṣúùtù á wá gbé e sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó fi di 1912, ó ti fi irin róbótó kan tó ń yí kíákíá sínú rẹ̀ kí ojú kámẹ́rà má baà yẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ láìpẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà tún padà sídìí páráṣúùtù nígbà Ogun Tútù wọn pẹ̀lú Rọ́ṣíà: ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1960, ọkọ̀ òfurufú C-119 kan fi ìwọ̀ há fíìmù tí sátẹ́láìtì Discoverer 14 jù sílẹ̀, lójú òfurufú, lórí òkun Pàsífíìkì. Fíìmù nìkan ni páráṣúùtù yẹn gbé, kámẹ́rà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán lókè. Nínú ìtàn méjèèjì, aṣọ kò kópa nínú yíya àwòrán. Ìṣòro tiwa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ní kí kámẹ́rà máa ṣiṣẹ́ bí aṣọ ti ń gbé e bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpótí kan kalẹ̀ tó wúwo ní kìlógíráàmù 1, tí kámẹ́rà, bátìrì àti ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ká so ó mọ́ aṣọ róbótó tó fẹ̀ ní mítà 1.2 láti etí dé etí. Bí a bá jù ú sílẹ̀, yóò máa yára sí i títí agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá a dúró yóò fi bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba. Láti ibẹ̀ lọ, eré rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i mọ́. Kumasi ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 250 sí 300 mítà, ooru mú níbẹ̀, omi sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa lo 1.225 kìlógíráàmù fún afẹ́fẹ́ tó kún àpótí kan tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kan. Ti Kumasi lọ́sàn-án yóò wà ní bíi 1.13. Ìṣirò á gbé eré ìsọ̀kalẹ̀ àpótí wa sí mítà 4.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí fi bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ju ohun tí ìwé máa sọ lọ. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe é mọ̀ ọ́n.

Láti 300 mítà, ìrìn náà yóò gba ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí a kúkú fẹ aṣọ náà sí i kí ó lè pẹ́ lókè. Bí a bá sọ ìwọ̀n gbogbo ojú aṣọ di ìlọ́po méjì, eré kò ní dín sí ìdajì, mítà 3.2 ni yóò dín sí. Atẹ́gùn á sì rí àyè gbé e jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pípẹ́ lókè ní owó tirẹ̀.

Fífì ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Páráṣúùtù róbótó tí aṣọ rẹ̀ kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá lè fì ní dígírì 10, ó lè fì kọjá 30, sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ìdúró ṣánṣán. Afẹ́fẹ́ tó kún abẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Etí aṣọ tó bá kọ́kọ́ jọ̀wọ́ fún un ni yóò gbé sókè, aṣọ á yọ̀ lọ sí òdìkejì, ẹrù ìsàlẹ̀ á tẹ̀lé e, á kọjá ààyè rẹ̀, á sì padà. Bí okùn bá gùn ní mítà 4, ẹrù náà yóò máa fì bí ọ̀pá aago ògiri, ìlọ àti àbọ̀ kan á gba bí ìṣẹ́jú àáyá 4. Ká ní ó ń fì ní dígírì 15 lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tó bá ń kọjá ní àárín, ojú kámẹ́rà á máa yí ní bí dígírì 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá la ojú rẹ̀ fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, láti 300 mítà, ilẹ̀ yóò sún ní sẹ̀ǹtímítà 12 nínú àwòrán. A ó ṣì lè mọ páànù orílé kan yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá ṣú, tí kámẹ́rà sì la ojú fún ìdá kan nínú 125, ilẹ̀ yóò sún ní mítà kan odidi. Ọkọ̀ akérò trotro tó wà lójú títì á di bàìbàì, ènìyàn kò sì ní hàn rárá.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yìí tó yẹ kí a dúró lé lórí. Nígbà tí kámẹ́rà bá kọjú sí ilẹ̀ gan-an, ní àárín fífì, ni eré rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tó bá dé ìpẹ̀kun fífì, tó fẹ́ yí padà, ó dúró jẹ́ẹ́, àwòrán rẹ̀ á sì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ó ti kọjú sí ẹ̀gbẹ́: ní dígírì 15, láti 300 mítà, àárín àwòrán ti fi 80 mítà kúrò níbi tí a rò pé a ń wò. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè rí méjèèjì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ní ohun tó burú ju èyí lọ. Bí a bá ní kí kámẹ́rà máa ya ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 2, tí fífì sì ń gba 4, ipò kan náà nínú fífì, tàbí òdìkejì rẹ̀, ni gbogbo àwòrán yóò máa bọ́ sí. Bí èyí àkọ́kọ́ bá bọ́ sí àárín, gbogbo ìyókù á bọ́ sí àárín, bàìbàì sì ni gbogbo wọn. Nítorí náà, kí àlàfo àwòrán má ṣe bá àlàfo fífì mu láé. Èyí tó dára jù ni kí ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìyípo, irú èyí tó ti wà nínú fóònù gbogbo wa, máa sọ fún kámẹ́rà ìgbà tí yóò ya.

Kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ní àléébù kan tí kì í hàn lórí ilẹ̀. Kì í ka gbogbo àwòrán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlà lórí ìlà ló ń kà á, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí kíkà náà bá gba ìdá kan nínú 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí ó tó dé ìlà ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ ti fi mítà 4 yẹ̀ lórí ilẹ̀. Àwòrán á mọ́ o, ṣùgbọ́n òrùlé tó gún régé á wọ́. Ẹni tó fẹ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wọn ilẹ̀ á wọ̀n ọ́n sí ibi tí kò sí.

Ìwòsàn fífì wà, ara aṣọ àti okùn ló sì wà. Okùn gígùn ń ṣèrànwọ́, nítorí pé fífì rẹ̀ lọ́ra: mítà 9 okùn á gba ìṣẹ́jú àáyá 6 fún ìlọ àti àbọ̀, ojú kámẹ́rà kò sì ní yí kíákíá tó ti mítà 4. Ihò Lalande ń ṣèrànwọ́. Aṣọ tí afẹ́fẹ́ lè sẹ́ kọjá lára rẹ̀ díẹ̀ ń ṣèrànwọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbà pé ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ wa kọ́kọ́ gbìyànjú ni aṣọ onírìísí àgbélébùú: aṣọ gígùn méjì tí a rán dábùú ara wọn. Afẹ́fẹ́ ń rí ihà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà jáde ní ìdọ́gba, fífì rẹ̀ kì í sì í sábà ju dígírì mélòó kan lọ. Kò la gígé róbótó lọ, kò ná télọ̀ ní àkókò, bí ó bá sì ya, a lè lẹ̀ ẹ́. Télọ̀ tó bá lè rán àgọ́ àti ìbora ọkọ̀ ní àgbègbè Suame Magazine ní Kumasi lè rán án láàárọ̀.

Àgbélébùú yìí ní ìwà kan tó gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn ẹni tó ń rán an: ó fẹ́ràn láti máa pòyì. Bí apá kan bá gùn ju èkejì lọ, tàbí bí okùn kan bá kúrú díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, aṣọ náà á máa yí bírí láti òkè dé ilẹ̀. Kí a má ṣe wọn okùn nígbà tó dẹ̀. Kí a so ẹrù kan náà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó nà, kí a tó gé e. Nílé iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ yẹn ló yàtọ̀ sí gbogbo iṣẹ́ ìyókù, ibẹ̀ sì ni mo rò pé àbójútó olùkọ́ ti ṣe pàtàkì jù.

Pípòyì kò kan àwọn kékeré nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2005, ọkọ̀ ìwádìí Huygens, tí àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù kọ́, fi páráṣúùtù sọ̀ kalẹ̀ sórí Titan, òṣùpá ńlá Saturn. Ìrìn náà ju wákàtí méjì lọ. Wọ́n fẹ́ kí ó máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí kámẹ́rà ara rẹ̀ lè wo gbogbo àyíká, wọ́n sì fi àwọn abẹ́ kékeré yí i ká kí afẹ́fẹ́ lè máa yí i síbi tí wọ́n fẹ́. Kò pẹ́ tó fi dáwọ́ yíyí sí apá yẹn dúró, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí òdìkejì. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn ohun mìíràn tó yọ síta lára ọkọ̀ náà ni afẹ́fẹ́ rí tì, tí agbára wọn borí ti abẹ́. Àwọn tó ń to àwòrán náà pọ̀ ní láti ṣiṣẹ́ àṣekára kí wọ́n tó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Bí ohun tó yọ díẹ̀ síta bá lè yí ìrìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà, okùn bátìrì tó rọ̀ sílẹ̀ lára àpótí tiwa tó bẹ́ẹ̀ láti ṣe é.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà bá pípòyì jà, wọn kò sì jọ ara wọn. Èkíní ni kí a fi irin tó ń yí sáàárín okùn àti àpótí, kí aṣọ máa pòyì lókè, kí àpótí má ṣe bá a yí. Èkejì ni kí a so àpótí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ okùn mẹ́rin tó yà síra, kí ó lè bá aṣọ yí pọ̀ lọ́nà tí a lè kà. Èkíní dára fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Èmi fara mọ́ èkejì bí ẹ̀rọ tó ń kọ ìyípo bá ti wà nínú àpótí, nítorí pé irin tó ń yí a máa dí nígbà tí eruku ọyẹ́ bá wọ̀ ọ́, ìgbà tó bá sì dí, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ títí àpótí yóò fi kanlẹ̀.

Ní ti atẹ́gùn, Kumasi ní ọrọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Áfíríkà kò ní. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní DACCIWA, tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù náwó sí, yan ibùdó mẹ́ta lórí ilẹ̀: Yunifásítì KNUST ní Kumasi, Sábẹ̀ ní Benin, àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ń ju bàlúùnù tó gbé ẹ̀rọ radiosonde sókè léraléra, lọ́sàn-án lóru, ẹ̀rọ náà sì ń ránṣẹ́ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ òfurufú ìwádìí mẹ́ta ń gbéra láti Lomé. Ìkùukùu ìsàlẹ̀ tó ń dá òru di funfun, tí oòrùn kò fi ń rí ilẹ̀ láàárọ̀, ni wọ́n wá yẹ̀ wò. Àwọn tó ń ronú nípa páráṣúùtù kò sí lọ́kàn wọn, síbẹ̀ ohun tí wọ́n rí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Wọ́n rí i pé lóru, nígbà tí ewé kò mì lórí ilẹ̀, atẹ́gùn kan wà ní ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan sókè tó ń sáré bọ̀ láti ìhà òkun, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó dúró nílẹ̀ lè rò pé ojú ọjọ́ pa rọ́rọ́. Bí ó bá já kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ láti 300 mítà ní ìdájí, ibi tí atẹ́gùn yẹn ti ń sáré gan-an ni yóò ti já a, lẹ́yìn náà àpótí á wọ inú afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ nísàlẹ̀. Ní ààlà afẹ́fẹ́ méjèèjì ni wàhálà wà. Páráṣúùtù tó ti bá atẹ́gùn lọ kì í mọ̀ pé atẹ́gùn wà, ó kàn ń bá a rìn. Ìgbà tí atẹ́gùn bá yí padà lójijì ni aṣọ á kọ́kọ́ dáhùn, ẹrù á sì pẹ́ kó tó tẹ̀lé e, fífì á wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó ti fara balẹ̀ tẹ́lẹ̀ á tún máa fì. Ìkùukùu fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀ lásìkò náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè má ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ sí ilẹ̀, ìdajì àwòrán á sì jẹ́ funfun.

Atẹ́gùn kan náà ló ń fẹ́ lórí Kumasi, lórí Sábẹ̀ àti lórí Ifẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ń gbà lọ ṣòwò ní Kumasi kí òfin tí ìjọba Ghana fi lé àwọn àjèjì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó dá wọn padà sílé, abẹ́ rẹ̀ ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí a bá mọ̀ nípa páráṣúùtù ní ọ̀kan nínú ìlú wọ̀nyí, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n ní gbogbo wọn.

Ká padà sí àpótí wa. Bí atẹ́gùn ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó ń sáré ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá bá gbé e láti 300 mítà, yóò balẹ̀ ní nǹkan bí 330 mítà sí ibi tí a ti jù ú, sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ní Kumasi, 330 mítà lè gbé e kúrò lórí pápá wọ inú agboolé ènìyàn, sórí wáyà iná, tàbí sí àgbàlá ààfin Manhyia, níbi tí kò sẹ́ni tó yẹ kó máa ju nǹkan láti òkè. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìwọ̀n atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ṣáájú kámẹ́rà: kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí bàlúùnù kékeré kan lọ, kí a tẹ̀lé e pẹ̀lú ojú àti ẹ̀rọ, kí a tó mọ ibi tí a ó ti já àpótí.

Síbẹ̀, bí ìsúnlọ yẹn ṣe jẹ́ ewu, ó tún wúlò. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòrán púpọ̀ kọ́ àwòrán ilẹ̀ onígíga àti onísàlẹ̀, irú OpenDroneMap tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, fẹ́ kí a wo ohun kan náà láti ibi tó yàtọ̀ síra. Kámẹ́rà tó sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ ń wo ibì kan náà láti orí ìlà kan ṣoṣo. Ó lè fún wa ní àwòrán tó túbọ̀ ń súnmọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ilé ṣe ga tó dáadáa. Atẹ́gùn tó gbé e lọ ní 330 mítà ti fún un ní ojú púpọ̀. Àwọn àwòrán tó dagun nígbà fífì náà, bí wọ́n bá ti mọ́, wúlò fún ètò yìí ju bí a ṣe rò lọ, nítorí wọ́n ń rí ògiri tí èyí tó kọjú sílẹ̀ gan-an kò rí.

Irú páráṣúùtù mìíràn wà tí kò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn: aṣọ oníyàrá-yàrá tí afẹ́fẹ́ ń kún, tó ń fò bí ìyẹ́, tí Domina Jalbert gbé jáde ní Amẹ́ríkà láàrin àwọn ọdún 1960. Ghana mọ ọ̀kan nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀, páráglídà, dáadáa. Láti 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún fífò nígbà Àjíǹde lórí òkè Odweanoma ní Kwahu, lójú ọ̀nà Accra sí Kumasi. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ George Steinmetz, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ àti ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ya ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, yóò mọ bí àwòrán rẹ̀ ṣe lè dára tó. Nínú irú rẹ̀ tí kò gbé ènìyàn, ẹ̀rọ kékeré lè máa fa okùn ọ̀tún àti òsì kí ó lè darí sí ibi tí a fẹ́. Eré iwájú rẹ̀ kò ba fọ́tò jẹ́: mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, bí kámẹ́rà bá la ojú fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, sẹ̀ǹtímítà 1 péré ni. Ṣùgbọ́n ó ṣòro rán, ó ṣòro ká, bí yàrá kan bá sì kọ̀ tí kò kún, á máa yí lọ sílẹ̀ kíákíá. Kì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí páráṣúùtù ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ní agbègbè Àṣáńtì kì í ṣe fọ́tò. Zipline, ilé iṣẹ́ dróònù, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Omenako ní Ghana ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ó sì dá ibùdó kejì sílẹ̀ ní Mampong, ní àríwá Kumasi. Dróònù wọn ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí ilé ìwòsàn, ó ń rẹlẹ̀ nígbà tó bá débẹ̀, ó sì ń ju àpótí oògùn sílẹ̀ lábẹ́ páráṣúùtù kékeré. Ó tún ní páráṣúùtù tirẹ̀ fún ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i lókè. Ó ń ṣírò atẹ́gùn kó tó ju ẹrù, àpótí sì ń balẹ̀ sí àyè tí kò ju ibi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mélòó kan lè dúró sí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń ya àwòrán ni gíga tí wọ́n yàn: wọ́n ń já a láti ìsàlẹ̀, kí atẹ́gùn má ráyè gbé e lọ.

Iṣẹ́ kejì tí páráṣúùtù lè ṣe fún kámẹ́rà Kumasi ni ti ààbò, mo sì ka èyí sí pàtàkì ju ìyókù lọ. Dróònù ayàwòrán tó wúwo ní kìlógíráàmù 1.4, bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá kú ní 60 mítà lórí Kejetia, tí a bá fojú fo ìdíwọ́ afẹ́fẹ́, á kan orí ènìyàn ní mítà 34 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ipá tó fi kanlẹ̀ á ju ìlọ́po 50 ti èyí tó sọ̀ ní mítà 4.5 lọ. Láti 2018 ni ìlànà ASTM F3322 ti wà ní àgbáyé fún páráṣúùtù dróònù kékeré. Aṣọ irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú ipá, nítorí pé gíga kan wà tí dróònù bá ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ní ráyè ṣí. Ọjà tí ènìyàn kún fọ́fọ́ kò yẹ kó ní dróònù lórí rẹ̀ láìsí páráṣúùtù. Mo gbà pé àjọ tó ń rí sí òfurufú ní Ghana àti ní Nàìjíríà lè sọ èyí di dandan láì dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dúró.

Ní ti àṣẹ, kò sí ẹni tó lè ju nǹkan sókè ní Kumasi bó ṣe wù ú. Pápákọ̀ òfurufú Prempeh I wà nínú ìlú, GCAA, àjọ tó ń rí sí òfurufú ní Ghana, sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ fún ohunkóhun tí kò ní awakọ̀ nínú. Ní Nàìjíríà, NCAA tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà wà níbẹ̀, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ààbò sì ń fẹ́ ìwé tirẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá wà. All Nations University ní Koforidua ju CanSat, ẹ̀rọ tí kò ju agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ, sókè ní 2013 kí wọ́n tó ṣe GhanaSat-1. Sátẹ́láìtì yẹn àti ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Akúrẹ́ jọ gbéra nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ní oṣù kẹfà ọdún 2017, wọ́n sì jọ bọ́ sí òfurufú ní oṣù keje. Agolo abẹ́ páráṣúùtù ló ṣáájú sátẹ́láìtì ní Koforidua, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ rí báyìí kò tóbi. Kí KNUST àti Ifẹ̀ rán aṣọ méjì kan náà, ọ̀kan róbótó, ọ̀kan onírìísí àgbélébùú, kí wọ́n so àpótí kan náà mọ́ wọn, kí wọ́n já wọn láti ara bàlúùnù tí a so mọ́lẹ̀, ní 150 mítà, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìkùukùu òwúrọ̀ ti túká nígbà yẹn, ooru ọ̀sán tó ń ti aṣọ sókè sódò ti ń rọ̀, atẹ́gùn òru kò tíì bẹ̀rẹ̀; ọjọ́ tí òjò bá ń ṣú, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kí wọ́n ṣe é nígbà òjò, kí wọ́n tún ṣe é nígbà ọyẹ́, nígbà tí atẹ́gùn bá yí padà láti àríwá ìlà-oòrùn tí eruku Chad sì bo gbogbo nǹkan. Kí wọ́n kọ fífì, pípòyì àti ìsúnlọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e síta níbi tí télọ̀ tó rán aṣọ náà, olùkọ́ fisíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama, àti òṣìṣẹ́ pápákọ̀ tó bu ọwọ́ lu ìwé àṣẹ wọn ti lè kà á.